Chip 555: Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́jọ Tó Ń Ka Àkókò, Àti Iṣẹ́ Mẹ́ta Tí Ẹ Lè Fi Bẹ̀rẹ̀

Ọ̀rọ̀ òṣèlú kọ́ ni mo gbé wá lónìí o. Ọ̀rọ̀ omi ni, ìtìjú tèmi náà sì wà nínú ẹ̀.

Nílé tí mò ń gbé, táǹkì omi wa wà lókè lẹ́yìn ilé. Tí iná bá dé lóru, ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ló máa tan ẹ̀rọ tó ń fa omi, á sì padà lọ sùn. Ẹ ti mọ ohun tó máa ń tẹ̀lé e. Táǹkì á kún, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í dà, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Lóru ọjọ́ kan báyìí, èmi ni mo tan ẹ̀rọ náà tí oorun gbé mi lọ. Omi wọ ṣọ́ọ̀bù màmá tó ń ta ìrẹsì nísàlẹ̀, ó sì ba ààbọ̀ àpò ìrẹsì jẹ́. Mo san owó ẹ̀. Màmá ò bá mi jà, àmọ́ ojú tí wọ́n fi wò mí ju ìjà lọ.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 14, ló sọ fún mi lọ́jọ́ kejì pé: "Dádì, ṣebí ẹ ka electronics ní Poly. Ṣé ẹ ò lè ṣe nǹkan tó máa pariwo tí omi bá ti kún ni?" Mo ní kò sí wàhálà. Mo mú bírò, mo ya chip 555 sórí ìwé fún un, ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pẹ̀lú orúkọ wọn, mi ò sì wo ìwé kankan. Ó wo àwòrán náà, ó wo ojú mi, ó ní: "Ṣé ẹ ti fọwọ́ kàn án rí?"

Mi ò fọwọ́ kàn án rí. Mo gba dípúlómà, mo yege nínú ìdánwò tí wọ́n ti ní ká ya 555, àmọ́ chọ́ọ̀kì àti pátákó ìkọ̀wé nìkan ni wọ́n fi kọ́ wa. Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó di ọ̀kan mú lọ́wọ́. Ìdí tí mo fi kọ èyí nìyẹn, kí tiyín má baà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ yìí, èmi àti ọmọ mi ti fọwọ́ ara wa ṣe wọ́n, a sì ṣe àṣìṣe tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀.

KÍ NI CHIP 555 GAN-AN?

Nǹkan dúdú kékeré kan ni, kò fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná lọ. Ó ní ẹsẹ̀ irin mẹ́rin lápá òsì, mẹ́rin lápá ọ̀tún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó mọ ìgbà tó yẹ kí nǹkan tàn àti ìgbà tó yẹ kó kú. Iná tó ń ṣẹ́jú, ohun tó ń dún "pí-pí-pí", iná tó ń tàn fún ìgbà díẹ̀ tó sì ń pa ara ẹ̀, gbogbo wọn ni 555 lè ṣe. Kò nílò kọ̀ǹpútà, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ò sì ní kọ kóòdù kankan.

Hans Camenzind ló ṣe é. Ọmọ orílẹ̀-èdè Switzerland ni, ó kó lọ sí Amẹ́ríkà. Ó ti fi iṣẹ́ oṣooṣù sílẹ̀ nílé-iṣẹ́ Signetics ní California kó tó gba iṣẹ́ chip yìí lọ́wọ́ wọn bí àgbàṣe, lọ́dún 1971. Èyí tó kọ́kọ́ yà ní ẹsẹ̀ 9. Nígbà tó yá ló rí i pé òun lè fi resistor lásán rọ́pò apá kan tó díjú, ẹsẹ̀ bá di 8. Láyé ìgbà yẹn, kò sí kọ̀ǹpútà tó máa bá èèyàn ya inú chip. Ọ̀bẹ ló fi gé àwòrán ẹ̀ sára ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì gbà á ní oṣù mélòó kan. Chip náà jáde sọ́jà lọ́dún 1972. Camenzind kú lọ́dún 2012, àmọ́ títí dòní ni wọ́n ṣì ń ṣe chip yìí, tí wọ́n sì ń tà á.

Ẹ máa gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé torí resistor mẹ́ta tó wà nínú ẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 5k, ni wọ́n ṣe ń pè é ní 555. Ó dùn létí, àwọn resistor náà sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Camenzind fúnra ẹ̀ sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Art Fury, tó ń bójú tó ọjà títà nílé-iṣẹ́ náà, ló kàn mú nọ́ńbà yẹn.

Ẹ FOJÚ INÚ WO DÚRỌ́Ọ̀MÙ OMI

Ohun tí wọn ò sọ fún mi ní Poly rèé, tó jẹ́ pé ìgbà tí mò ń wá bí mo ṣe máa ṣàlàyé fún ọmọ ni mo tó rí i.

Ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù kan sábẹ́ ẹ̀rọ omi. Dúrọ́ọ̀mù yẹn ni capacitor. Resistor ló dà bí ẹnu ẹ̀rọ: bí nọ́ńbà resistor bá ṣe tóbi tó ni ẹnu ẹ̀rọ ṣe há tó. Tí dúrọ́ọ̀mù bá tóbi, ó máa pẹ́ kó tó kún. Tí ẹnu ẹ̀rọ bá há, ó máa pẹ́ náà. Bí a ṣe ń ka àkókò nínú electronics nìyẹn: iye ìgbà tí dúrọ́ọ̀mù fi ń kún.

Wàyí o, ẹ fi chọ́ọ̀kì fa ìlà méjì sára dúrọ́ọ̀mù náà. Ìlà ìsàlẹ̀ wà ní ìdá kan nínú mẹ́ta, tòkè wà ní ìdá méjì nínú mẹ́ta. Tó bá jẹ́ bátìrì fóòtì 9 lẹ lò, ìlà ìsàlẹ̀ jẹ́ fóòtì 3, tòkè jẹ́ fóòtì 6. Resistor 5k mẹ́ta tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló fa ìlà méjèèjì yìí.

Olùṣọ́ méjì ló jókòó ti dúrọ́ọ̀mù. Ọ̀kan ń wo ìlà òkè, ẹsẹ̀ 6 ni ojú ẹ̀. Èkejì ń wo ìlà ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ 2 ni ojú ẹ̀. Ihò kan sì wà tí omi lè gbà jáde, ẹsẹ̀ 7 nìyẹn. Tí omi bá kan ìlà òkè, olùṣọ́ àkọ́kọ́ á pariwo, iná ẹsẹ̀ 3 á kú, ihò á ṣí, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Tí omi bá lọ sílẹ̀ dé ìlà ìsàlẹ̀, olùṣọ́ kejì á pariwo, iná ẹsẹ̀ 3 á tàn, ihò á dí, dúrọ́ọ̀mù á tún máa kún. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń lọ títí.

Nítorí pé ìdá lásán ni ìlà méjèèjì, bí bátìrì bá ń rẹ̀, ìlà náà ń lọ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àkókò tí 555 ń kà kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà bí agbára bátìrì bá dín kù. Ọgbọ́n Camenzind gan-an wà níbẹ̀.

ẸSẸ̀ MẸ́JẸ̀Ẹ̀JỌ

Lórí chip, ẹ máa rí ibi tí wọ́n gé díẹ̀ lórí etí kan, tàbí àmì róbótó kékeré. Ẹ kọjú ẹ̀ sókè. Ẹsẹ̀ tó wà lókè lápá òsì ni 1. Ẹ kà á wálẹ̀: 1, 2, 3, 4. Ẹ wá bọ́ sí apá ọ̀tún nísàlẹ̀, kí ẹ kà á lọ sókè: 5, 6, 7, 8. Ẹsẹ̀ 8 máa dojú kọ ẹsẹ̀ 1.

Ẹsẹ̀ 1: négátíìfù bátìrì.
Ẹsẹ̀ 2: olùṣọ́ ìlà ìsàlẹ̀. Tí fóòtì rẹ̀ bá lọ sábẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta, iná á tàn.
Ẹsẹ̀ 3: ibi tí iná ti ń jáde lọ sí LED tàbí sípíkà. Kò yẹ kó gbé ju miliampere 200 lọ.
Ẹsẹ̀ 4: ẹsẹ̀ ìdádúró. Tí ẹ bá so ó mọ́ négátíìfù, chip á dákẹ́. Tí ẹ ò bá lò ó, ẹ so ó mọ́ pósítíìfù.
Ẹsẹ̀ 5: ó lè yí ìlà méjèèjì padà. A ò ní lò ó, àmọ́ ó dáa ká fi capacitor 0.01µF, èyí tí wọ́n kọ 103 sí lára, so ó mọ́ négátíìfù kí ariwo iná má baà dà á láàmú.
Ẹsẹ̀ 6: olùṣọ́ ìlà òkè.
Ẹsẹ̀ 7: ihò tí omi ń gbà jáde.
Ẹsẹ̀ 8: pósítíìfù bátìrì. 555 tó wọ́pọ̀ ń lo fóòtì 4.5 sí 15.

OHUN TÍ Ẹ MÁA RÀ

Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara rédíò fún àwọn tó ń tún un ṣe. Ní Èkó, Alaba kún fún wọn. Ní ìlú yín náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tún rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n ṣe, ó mọ ibi tó ti ń rà á. Ẹ ní ẹ fẹ́ NE555. Ẹ ra méjì tàbí mẹ́ta, torí ẹ máa ba ọ̀kan jẹ́. Àwa náà ba ọ̀kan jẹ́.

Àwọn nǹkan yòókù: bátìrì fóòtì 9 àti ìdérí oníwáyà ẹ̀, breadboard, ìyẹn pátákó oníhò tí a ń ki ẹsẹ̀ nǹkan bọ̀ láì lo òjé, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, LED bíi mẹ́ta, resistor 100 ohm, 470 ohm, 1k, 10k, 68k, 100k, 470k àti 1M, capacitor 0.01µF, 0.1µF, 10µF àti 100µF. Bọ́tìnnì kékeré kan. Swíìṣì kékeré kan. Transistor BC547 méjì. Sípíkà kékeré 8 ohm. Sípíkà tiwa, inú rédíò tó ti kú la ti yọ ọ́. Tí ẹ bá ní rédíò àtijọ́ nílé, ẹ má sọ ọ́ nù.

Ẹ rántí nǹkan méjì. LED ní ẹsẹ̀ gígùn àti kúkúrú, gígùn ló ń kọjú sí pósítíìfù. Capacitor 10µF àti 100µF ní ìlà kan lára tó ní àmì (−), apá yẹn ló ń kọjú sí négátíìfù.

IṢẸ́ KÌÍNÍ: INÁ TÓ Ń ṢẸ́JÚ

1. Ẹ ki chip bọ àárín breadboard, kí ẹsẹ̀ mẹ́rin wà lápá kan, mẹ́rin lápá kejì.
2. Ẹsẹ̀ 1 lọ sí négátíìfù. Ẹsẹ̀ 8 àti ẹsẹ̀ 4 lọ sí pósítíìfù.
3. Resistor 1k láti ẹsẹ̀ 8 sí ẹsẹ̀ 7.
4. Resistor 68k láti ẹsẹ̀ 7 sí ẹsẹ̀ 6.
5. Wáyà láti ẹsẹ̀ 6 sí ẹsẹ̀ 2.
6. Capacitor 10µF: apá pósítíìfù sí ẹsẹ̀ 2, apá tó ní ìlà sí négátíìfù.
7. Capacitor 0.01µF láti ẹsẹ̀ 5 sí négátíìfù.
8. Láti ẹsẹ̀ 3, resistor 470 ohm sí ẹsẹ̀ gígùn LED. Ẹsẹ̀ kúkúrú sí négátíìfù.
9. Ẹ tún gbogbo ẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ tó so bátìrì.

LED máa tàn fún bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá, á kú fún bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá. Nígbà tí tiwa kọ́kọ́ ṣẹ́jú, ẹ bi mí bí inú mi ṣe dùn tó. Mo pe ìyàwó mi láti kíṣìnì kó wá wò ó. Wọ́n wo iná bíńtín náà, wọ́n ní, "Torí èyí lẹ ṣe ń pè mí?", wọ́n padà sídìí ọbẹ̀ wọn.

Ìṣirò ẹ̀ rèé. Ẹ kọ resistor ní mega-ohm, kí ẹ kọ capacitor ní microfarad, ìdáhùn á jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá láìsí òǹkà gígùn. 1k jẹ́ 0.001, 68k jẹ́ 0.068.
Ìgbà tó fi ń tàn: 0.693 × (0.001 + 0.068) × 10 = 0.48.
Ìgbà tó fi ń kú: 0.693 × 0.068 × 10 = 0.47.
Bó bá ń kún, omi ń gba inú resistor méjèèjì kọjá. Bó bá ń jáde, 68k nìkan ló ń gbà. Ìdí tí títàn fi ju kíkú lọ díẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ mi yọ 10µF, ó fi 100µF síbẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù ti tóbi ní ìlọ́po mẹ́wàá, iná wá ń tàn fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 5. Ó ń fi fóònù ka àkókò, ló bá ní: "Dádì, ti àkọ́kọ́ pẹ́ ju ìyókù lọ. Ó lé ní 7." Mo ní bóyá kò kà á dáadáa. Ó yọ bátìrì, ó dúró díẹ̀, ó tún so ó. Ó tún lé ní 7. Àwòrán mi ò lè dáhùn èyí, dúrọ́ọ̀mù ló dáhùn ẹ̀. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ so bátìrì, dúrọ́ọ̀mù ṣófo pátápátá, ìsàlẹ̀ pátá ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Lẹ́yìn ìyẹn, láti ìlà ìsàlẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣófo mọ́. Gbogbo ọdún tí mo fi kàwé, mi ò mọ èyí. Ẹni tó fọwọ́ kàn án ló rí i.

IṢẸ́ KEJÌ: INÁ TÓ Ń PA ARA Ẹ̀

Ẹ tẹ bọ́tìnnì, iná á tàn fún ìgbà tẹ́ ẹ fẹ́, á sì kú fúnra ẹ̀. Ó dáa lẹ́nu ọ̀nà, fún ìgbà tẹ́ ẹ bá ń wá ihò kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn.

1. Ẹsẹ̀ 1 sí négátíìfù. Ẹsẹ̀ 8 àti 4 sí pósítíìfù.
2. Wáyà láti ẹsẹ̀ 6 sí ẹsẹ̀ 7.
3. Resistor 100k láti ẹsẹ̀ 8 sí ẹsẹ̀ 7.
4. Capacitor 100µF: pósítíìfù sí ẹsẹ̀ 6, apá tó ní ìlà sí négátíìfù.
5. Resistor 10k láti ẹsẹ̀ 2 sí pósítíìfù.
6. Bọ́tìnnì láàárín ẹsẹ̀ 2 àti négátíìfù.
7. Ẹsẹ̀ 5 àti LED bíi ti iṣẹ́ kìíní.

Níbí, ihò dúrọ́ọ̀mù ṣí sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, omi kankan ò lè dúró. Tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, olùṣọ́ ìsàlẹ̀ á pariwo, iná á tàn, ihò á dí, dúrọ́ọ̀mù á bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Tó bá kan ìlà òkè, iná á kú, omi á dà nù lẹ́ẹ̀kan náà, á wá dúró de bọ́tìnnì tó kàn.

Ìṣirò: 1.1 × resistor × capacitor. 1.1 × 0.1 × 100 = ìṣẹ́jú-àáyá 11. Tí ẹ bá fi 470k rọ́pò 100k, ó di bíi 52. Pẹ̀lú 1M, ó di 110, ó kù díẹ̀ kó pé ìṣẹ́jú méjì. Ẹ má bínú tí tiyín bá fi díẹ̀ yàtọ̀. Capacitor irú èyí kì í sábà jẹ́ iye tí wọ́n kọ sí i lára géérégé, ó lè fi ìdá kan nínú márùn-ún dín tàbí lé.

IṢẸ́ KẸTA: TÁǸKÌ TÓ Ń KÉ

Ibi tí à ń lọ látàárọ̀ nìyí. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ àṣìṣe wa.

Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni pé a fi ẹsẹ̀ 4 ṣe ẹnubodè. Omi ò tíì dé, ẹsẹ̀ 4 wà ní négátíìfù, chip dákẹ́. Omi dé, ẹsẹ̀ 4 gòkè, chip ń ké. A dán an wò nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ké bí ewúrẹ́. A gbé e lọ sídìí táǹkì, mo sì fi yangàn fún gbogbo ará ilé.

Lọ́jọ́ kẹta, iná dé lóru, ẹnì kan tan ẹ̀rọ omi, táǹkì kún, omi tún dà. Ẹ̀rọ wa ò ké rárá. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù màmá tún tutù, àmọ́ wọ́n ti gbé ìrẹsì wọn sórí pákó. Láàárọ̀, wọ́n wò mí, wọ́n ní: "Bàbá Akọ̀ròyìn, ẹ̀rọ yín yẹn, ṣé òun náà máa ń sùn ni?"

Bátìrì ló ti kú. Chip tó dákẹ́ kì í ṣe chip tí kò jẹun. NE555 fúnra ẹ̀ ń jẹ bíi miliampere 3 lórí fóòtì 5, ó ń jẹ bíi 10 lórí fóòtì 15, yálà ó ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Lórí ìyẹn, nígbà tí ẹsẹ̀ 4 bá ti dá chip dúró, ihò ẹsẹ̀ 7 ṣí sílẹ̀, iná sì ń gba inú resistor 1k ṣòfò níbẹ̀: fóòtì 9 nínú 1k jẹ́ miliampere 9. Bátìrì kékeré fóòtì 9 ò lè gbé ìyẹn fún ọjọ́ mẹ́ta.

A tún un rò. Dípò kí omi jí chip, a ní kí omi fúnra ẹ̀ jẹ́ swíìṣì bátìrì. Tí omi ò bá tíì dé, bátìrì ò ní jẹ́ kí nǹkan kan kọjá. Transistor BC547 méjì ló ń ṣe é. Omi ẹ̀rọ ń gbé iná díẹ̀ kọjá, ìwọ̀nba bíńtín ni. Transistor àkọ́kọ́ á sọ bíńtín yẹn di púpọ̀, èkejì á tún sọ ọ́ di púpọ̀ sí i.

Apá tó ń dún:
1. Ẹ ṣe iṣẹ́ kìíní bó ṣe wà, àmọ́ ẹ fi 10k rọ́pò 68k, kí ẹ fi 0.1µF, èyí tí wọ́n kọ 104 sí lára, rọ́pò 10µF. Ó máa gbọ̀n bí ìgbà 686 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, etí yín á gbọ́ ọ bí ohùn.
2. Ẹ yọ LED àti 470 ohm. Láti ẹsẹ̀ 3, ẹ so resistor 100 ohm, lẹ́yìn náà capacitor 10µF tí pósítíìfù ẹ̀ kọjú sí resistor, lẹ́yìn náà sípíkà, kó parí sí négátíìfù chip, ìyẹn ibi tí ẹsẹ̀ 1 wà. Ẹ má yọ 100 ohm yẹn, òun ni kì í jẹ́ kí iná tó ń gba ẹsẹ̀ 3 àti transistor kọjá pọ̀ jù.

Apá tó jẹ́ swíìṣì:
3. Ẹ má so négátíìfù chip mọ́ bátìrì mọ́. Ẹ so ó mọ́ ẹsẹ̀ collector àwọn transistor méjèèjì. Tí ẹ bá kọ ojú pẹlẹbẹ BC547 sí ara yín, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ wà nísàlẹ̀, láti òsì sí ọ̀tún ni collector, base, emitter.
4. Emitter transistor àkọ́kọ́ lọ sí base èkejì. Emitter èkejì lọ sí négátíìfù bátìrì.
5. Resistor 1M láti base àkọ́kọ́ sí négátíìfù bátìrì, kí ìrì lásán má baà tàn wá jẹ.
6. Resistor 10k láti base àkọ́kọ́ sí irin kìíní tó máa wà nínú táǹkì. Irin kejì lọ sí pósítíìfù bátìrì.
7. Swíìṣì kékeré sára wáyà pósítíìfù, lẹ́yìn bátìrì gan-an, kí gbogbo nǹkan yòókù gba ibẹ̀.

Irin méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú tí kì í dípẹtà. Ìdè irin méjì la lò, a dè wọ́n mọ́ ara ike kan kí wọ́n má baà kanra. Ẹ má ki wáyà kọ́pà bọ inú omi tẹ́ ẹ̀ ń lò, iná tó ń gba omi kọjá máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, á sì dà sínú omi náà. Ẹ fi irin náà sí ìsàlẹ̀ ojú ibi tí omi ti ń dà síta díẹ̀, kó jẹ́ pé ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó kún nìkan ni omi máa kàn án. Chip àti bátìrì kì í gbé ìdí táǹkì, wáyà méjì tẹ́ẹ́rẹ́ ló máa wálẹ̀ wá bá wọn nínú ilé.

Tó bá ké, ẹ pa ẹ̀rọ omi, kí ẹ pa swíìṣì. Láàárọ̀, tí wọ́n bá ti pọn omi díẹ̀, ẹ tún un tàn.

TÍ KÒ BÁ ṢIṢẸ́

Tí chip bá gbóná, ẹ yọ bátìrì kíá. Ẹ ti so pósítíìfù àti négátíìfù lódì. Bí tiwa àkọ́kọ́ ṣe kú nìyẹn.
Tí LED bá tàn tí kò ṣẹ́jú, ẹ wò bóyá wáyà ẹsẹ̀ 2 àti 6 ti já.
Tí kò bá tàn rárá, ẹ yí LED padà kẹ́ ẹ tó dá chip lẹ́bi. Ẹ wo ẹsẹ̀ 4 náà bóyá ó wà ní pósítíìfù.
Tí apá kan breadboard ò bá ní iná, ẹ wo ìlà pósítíìfù ẹ̀. Lára àwọn breadboard kan, ìlà yẹn já láàárín, wáyà kékeré lẹ máa fi so ó pọ̀.
Tí táǹkì bá ń ké láì kún, irin méjèèjì ti kanra, tàbí ìdọ̀tí ti so wọ́n pọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo bẹ̀ yín, bátìrì ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ má so ìkankan nínú àwọn iṣẹ́ yìí mọ́ iná NEPA tàbí jẹnẹrétọ̀, ẹ má sì sọ pé ẹ fẹ́ kí chip yìí pa ẹ̀rọ omi fúnra ẹ̀. Ìyẹn ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú, lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n, tó máa dúró tì yín. Iná ilé àti omi kì í ṣeré.

Èyí tí a ṣe lẹ́ẹ̀kejì ti wà lára ògiri wa báyìí. Ìgbà tó kọ́kọ́ ké ní tòótọ́, aago kọjá méjì òru. Ọmọ mi ló kọ́kọ́ dé ìdí ẹ̀rọ omi, èmi ṣì ń wá bàtà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a bá màmá níwájú ṣọ́ọ̀bù, ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ. Wọ́n ní ariwo wa jí àwọn lóru, kò jẹ́ káwọn sùn dáadáa. Ọmọ mi kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Mà." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Kó máa ké o jàre. Mo lè sun oorun lọ́sàn-án."

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Tí ẹ bá ní ọmọ tàbí àbúrò tí wọ́n ń fi chọ́ọ̀kì kọ́ ní èyí nílé-ìwé, ẹ ra chip kan fún un, kí ẹ jókòó tì í. Ẹ jẹ́ kó ba ọ̀kan jẹ́ náà.